Omi Tí A Dá Dúró Lọ́dún Ọ̀dá

Ìbàdàn ni ọkọ mi dàgbà sí, kò sì mọ ẹja pípa rárá kí ó tó dé Amẹ́ríkà. Ẹja tó mọ̀ kò ju èyí tó wà nínú ọbẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ní Decatur ni láti máa tọ́jú àwọn tí èémí ń ṣòro fún. Òun ló ń to ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí, òun náà ló ń dúró tì wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ̀pá kúrò lọ́fun wọn. Ọmọ Georgia kan tí wọ́n jọ ń ṣe shift ló mú un lọ sí odò Chattahoochee ní Sátidé kan. Nígbà tó padà dé, ara rẹ̀ tutù bí ẹni tí wọ́n gbé jáde nínú fíríjì, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Omi yẹn tutù bíi yìnyín," ló wí. "Nínú ooru yìí! Kí ló fà á?"

Mo mọ ohun tó fà á, nítorí ọ́fíìsì tó ń ṣètò omi odò yẹn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lókè odò, dáàmù ńlá kan wà tó sé omi di adágún. Ìsàlẹ̀ adágún náà, níbi tí oòrùn kì í dé, ni omi ti ń gba ẹnu dáàmù jáde, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tutù nini. Òtútù yẹn ló jẹ́ kí ẹja kan tí wọ́n ń pè ní trout lè gbé ní Georgia. Ilẹ̀ ooru kì í ṣe ilé rẹ̀. Wọ́n kó o wá ni, ó sì dúró. Adágún kan náà ni Atlanta ń mu. Iṣẹ́ tiwa ni láti ṣírò omi tí a ó jẹ́ kó lọ àti èyí tí a ó dá dúró.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ọkọ mi ní, "Èmi àti trout yìí jọra nígbà náà. Òtútù nìkan ni a ò jọ fẹ́ràn."

Láti ìgbà náà, Sátidé tí kò bá ti ní shift, á wa ọkọ̀ láti ilé wa ní Ellenwood, á gba àárín ìlú kọjá lọ sí àríwá. Á wọ sòkòtò rọ́bà tó dé àyà, á dúró sínú odò. Mo máa ń bá a lọ nígbà mìíràn, màá jókòó sórí àpáta, màá máa mu kọfí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí omi ní dáàmù, fèrè kan á dún, gbogbo ẹni tó wà nínú odò á sì yára jáde, nítorí omi yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja tó bá mú, ó máa ń dá a padà ni. Ìyá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Ẹ pa ẹja, ẹ tún jù ú sómi?"

"Màmá, mo kàn lọ kí i ni."

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá dé. Òjò kọ̀. Kò rọ̀ nígbà tí ewé ń yọ, kò rọ̀ nígbà tí ooru dé. Adágún fà sẹ́yìn títí àwọn pákó tí àwọn olówó ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ fi dúró lórí amọ̀ pupa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bomi rin koríko mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kúnlẹ̀ gbàdúrà fún òjò. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn aunty á yí mi ká: "Ṣé omi ò ní tán báyìí? Ìwọ tí o wà níbẹ̀, sọ òótọ́ fún wa." Màá ní kò ní tán. Ẹ̀rù ń bà mí ju bí mo ṣe ń fi hàn wọ́n lọ. Ní ọ́fíìsì, gbogbo ìṣirò wa ń tọ́ka síbì kan náà: kí a dín omi tó ń jáde ní dáàmù kù. Ìlú á rí omi mu, ṣùgbọ́n odò á fà, omi rẹ̀ á sì gbóná.

Mo sọ fún ọkọ mi nídìí oúnjẹ.

"Ẹja ńkọ́?" ló bi mí.

"Díẹ̀ á kú."

"Díẹ̀?"

Ó kó àwo rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́.

A gbọ́dọ̀ pe ará ìlú sí ìpàdé kí a tó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni a lò. Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó síwájú, àwọn èèyàn sì tò sídìí maikirofóònù láti sọ tẹnu wọn. Bí mo ṣe gbójú sókè, ọkọ mi ni mo rí lórí ìlà, nínú aṣọ ọsibítù rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló jẹ́ nígbà tó dé ọkàn mi. Ó ní, "Iṣẹ́ mi ni láti wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò rí èémí mí. Mo mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí. Bí omi bá gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á dín kù, ẹja á máa yanu bí aláìsàn mi ṣe ń yanu. N kò ní kí ẹ fi ìlú sílẹ̀ láìní omi. Èmi náà ń mu ún, àwọn aláìsàn mi ń mu ún. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ooru bá le jù, kí ẹ jẹ́ kí omi tútù díẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ wọn. Díẹ̀ péré, kí wọ́n lè mí."

Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tẹ orí sí mi létí. "Ta ni ọkùnrin yẹn?"

"Ọkọ mi ni."

Ó wò mí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

Mo fi ọkọ̀ tèmi sílẹ̀ níbẹ̀, a jọ wọ ọkọ̀ ọkọ mi relé.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa sọ̀rọ̀."

"Bí mo bá sọ fún ọ, wàá ní kí n má wá."

"N kò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Wàá sọ ọ́." Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. "N kò bá ọ jà o. Ẹja ni kò lẹ́nu."

Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. A dín omi kù, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, a ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá. Fún ìgbà díẹ̀ ó ṣiṣẹ́, ọkọ mi á sì ti odò dé pẹ̀lú ìròyìn bí ẹni tó lọ wo ìbátan rẹ̀ tó ń gbádùn. Ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Adágún lọ sílẹ̀ ju bí a ti rí i rí. Ọ̀gá mi pè wá jọ, ó ní omi ọ̀sán yẹn náà ti ń ṣòro láti fi sílẹ̀. "Ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn kó sọ ọ́." Mo wá ọ̀nà mìíràn títí ojú fi ń ro mí. Mo ro ti àwọn aláìsàn tí omi ń gba ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, mo ro ti àwọn ọmọ jòjòló. Mo ní kí a ti omi ọ̀sán náà. Bí wọ́n bá tún bi mí lónìí, ohun tí màá sọ nìyẹn, kò sì mú un rọrùn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un, kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Èèyàn ni yóò kọ́kọ́ mu," ló wí. "Mo mọ̀. Ká ní èmi ni mo jókòó síbẹ̀, ohun tí ǹ bá ṣe náà nìyẹn." Ó gòkè lọ dùbúlẹ̀ láìjẹun.

Nígbà tó yá, ó ní kí n sin òun lọ sí odò. Kò mú ọ̀pá ìpẹja dání. Odò tí mo mọ̀ ti di ìṣàn tóóró láàárín òkúta gbígbẹ, ó sì ń rùn. Òkú ẹja wà káàkiri létí omi, ikùn wọn funfun, ó kọjú sókè. Ọ̀kan ṣì ń yanu nínú kòtò omi kan. Ọkọ mi wọnú omi tòun ti bàtà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ẹja náà mú láìyọ ọ́ kúrò nínú omi, ó kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ó ń rọra tì í síwájú, ó ń rọra fà á sẹ́yìn, kí omi lè máa gba ẹnu rẹ̀ wọlé.

"Mí," ló ń wí fún un. "Jọ̀ọ́, mí."

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dẹ́kun, mo mọ̀ pé ẹja náà ti kú. Ọkọ mi kò dìde. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú nìkan ni mo rí i kó sunkún rí. Mo wọnú omi lọ bá a, mo dì í mú. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èyí tí èèyàn fẹ́ fi wẹ ọmọ.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, inú rírun tí ọkọ mi ti ń pa mọ́ra di ohun tí kò ṣeé pa mọ́ra mọ́. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti tàn ká kí dókítà tó rí i. Ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n dá a dúró sí, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe shift ni wọ́n sì ń tọ́jú èémí rẹ̀. Orí ibùsùn níbẹ̀ ló wà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé.

"Adágún ńkọ́?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Ó ti ń gòkè, díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ máa ṣí omi fún wọn?"

"A máa ṣí i."

"Ó dáa."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n a kò tún sọ̀rọ̀ odò mọ́. Ó kú kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìhín ni a sin ín sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a má gbé òun padà sílé.

Nígbà tí adágún kún, a ṣí omi, àwọn ọkọ̀ ńlá sì wá tú ẹja tuntun sínú odò. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ra kéèkì, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀gá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Wọ́n gé tèmi fún mi. Mo gbé e lọ sínú ọkọ̀ mi, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Òjò ń rọ̀ lórí ọkọ̀, inú sì ń bí mi sí i. Òjò tí gbogbo ìjọ ti kúnlẹ̀ bẹ̀, ibo ló wà láti ọjọ́ yìí?

Fóònù dún. Ọmọbìnrin wa ni, láti yunifásítì.

"Mommy, ṣé o ti jẹun?"

Ìhín la bí i sí. "O" ló máa ń sọ sí mi. Baba rẹ̀ ló máa ń tún un ṣe, lójoojúmọ́ ayé: "Ṣé *ẹ* ti jẹun." Á wá rẹ́rìn-ín, á tún un sọ. Àwa méjèèjì dákẹ́ lórí fóònù, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá sọ ọ́. Nígbà tó yá ó rọra wí, ohùn rẹ̀ kò dọ́gba:

"Ṣé ẹ ti jẹun, Mommy?"

"Rárá, ọmọ mi. N kò tíì jẹun."

"Mò ń bọ̀ wálé," ló wí. "Ẹ dúró dè mí."