Fọ́ọ̀kì Tòkunbọ̀ Tí Rájí Tà

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Rájí ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìdúmàgbò. Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá kọ́ṣẹ́, kì í sì í padà sílé àfi lásìkò Iléyá. Nígbà tí ọ̀kadà gba ìgboro, tí kò sẹ́ni tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò l'Ékòó. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ BMX dárà ló gbà á sílẹ̀, àwọn alágídí tó ń gbé kẹ̀kẹ́ fò láti orí àtẹ̀gùn já sórí kọ́ńkéré, bí ẹni pé wọ́n fi egungun mìíràn pa mọ́ sílé. Kí oṣù tó parí, pẹ́dà á ti ká, ṣéènì á ti já, wọ́n á tún gbé e tọ̀ ọ́ wá.

Ohun kan ni Rájí kì í fẹ́ rí: ọjà tuntun inú páálí. Á ní, "Páànù lásán ni. Tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù." Kó tó ta irin kan, á fi sípánà lù ú, á dẹtí sí i. Tó bá ti dún ketekete, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló gbà á gbọ́, ẹni tó sì gbà á gbọ́ jù ni Rájí fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó ta fọ́ọ̀kì kan fún Nusrat, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlélógún tí agbolé wọn kò jìnnà sí Iga Ìdúngànran, tó ń dé akoto lé híjáàbù, tó sì ń fò ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Fọ́ọ̀kì ló di táyà iwájú mú. Òun ló ń jẹ gbogbo ìyà bí kẹ̀kẹ́ bá balẹ̀. Láti orí ọkọ̀ akẹ́rù ni Nusrat fẹ́ ti fò ní Òkè Àrin lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọjà bá dá.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà ni Rájí mú ìkejì fọ́ọ̀kì yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti kùn ún. Inú ẹrù kan náà ni méjèèjì ti jáde. Bó ṣe ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó rí ilà kan lọ́rùn irin náà, tó tín-ín-rín bí irun. Ó fi sípánà lù ú. Ó dún ketekete.

Etí tó ti gbẹ́kẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí ti tàn án. Ẹni tó lò ó lókè òkun náà ti fi fò, ó ti fi já sílẹ̀ láìmọye ìgbà. Irin náà ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Rájí gbé òòlù, sípánà àti ọ̀bẹ, ó sáré jáde, orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Lójú ọ̀nà ló ti ń wá irọ́ tí yóò pa. Á ní òun kàn fẹ́ fún nọ́ọ̀tì kan le ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Nusrat ti wà lórí ọkọ̀. Abdulafeez, olórí ẹgbẹ́ wọn, ń fi gbohùngbohùn kà á: "Mẹ́ta! Méjì!" Rájí kó sí àárín ibi tó yẹ kí kẹ̀kẹ́ balẹ̀ sí, ó na apá méjèèjì.

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀ jàre! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" ni Nusrat kígbe látòkè.

Rájí gbójú sókè wo ọmọbìnrin náà. Irọ́ náà kọ̀, kò jáde. "Nusrat, sọ̀ kalẹ̀. Mi ò yẹ fọ́ọ̀kì tí mo tà fún ẹ wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó ti sán."

"Ah-ah, Bàbá! Mo ti fi practice lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí now. Nothing do am!"

Ó sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú. Rájí fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ọrùn fọ́ọ̀kì náà. Kò rí ilà kankan. Ó ha ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Baba don old o," ni Abdulafeez wí.

"Ẹ jẹ́ n fò, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ayé ló ń wò wá."

Ojú ti Rájí débi pé òógùn bò ó. Bí irin náà bá pé, ó ti ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Ó tú fọ́ọ̀kì náà kúrò lára kẹ̀kẹ́, ó gbé e lé etí gọ́tà, ó fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irin tó pé yóò kàn tẹ̀ ni. Èyí kán sí méjì.

Ìpẹtà ti gba inú ibi tó ti kán. Apá tó ṣì pé, tó ń dán níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Nusrat wo orí ọkọ̀, ó wo kọ́ńkéré, ó sì jókòó sílẹ̀.

"Alhamdulillahi," ni Rájí wí.

"Bàbá," Nusrat rọra bi í, "mélòó lẹ ti tà nínú ẹ̀?"

Rájí gbójú sókè. Kẹ̀kẹ́ bí ogún ló yí i ká, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Abdulafeez gbé gbohùngbohùn sílẹ̀, ó dorí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kodò síwájú Rájí. Lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnì kan gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́dà kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ gùn ún wá.

"Má gùn ún!" ni Rájí kígbe. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, tì í wá!"