Òṣèré Tí Malu Road Ò Mọ̀

Àwọn èèyàn máa ń bi mí ìdí tí Láwàlì ò fi ṣeré mọ́. Àbúrò mi ni. Èmi Sàlímọ́tù ni mo rán gbogbo aṣọ tó fi ṣeré, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ní 2001 ló bẹ̀rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀, kó tó bọ́ sínú fíìmù. Kò sí ohun tí ọmọ yẹn ò lè dà. Ó ṣe ọlọ́pàá, ó ṣe arọ, ó ṣe lèmọ́mù. Bó bá ti yí ohùn àti ìrìn padà, ojú rẹ̀ náà á yí. Ohun tó sì ń dùn mọ́ ọn jù ni pé àwọn tó ń ra fíìmù rẹ̀ á bá a pàdé ládùúgbò, wọn ò ní dá a mọ̀. Mo ní, "Láwàlì, òkìkí tí ò lójú, kí lèèyàn ń fi í ṣe?" Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó máa ń bí mi nínú.

Ní 2011, wọ́n ń ya fíìmù olè lẹ́bàá Malu Road. Láwàlì ni olórí olè. Nígbà tí wọ́n sinmi, ó jáde lọ ra omi, ìbọn onígi ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ikú ń dẹ Dẹ̀dẹ̀, Dẹ̀dẹ̀ ń dẹ ikú. Kò mọ̀ pé olè gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn pa dẹ́rẹ́bà tírélà kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹnì kan rí ìbọn náà, ó ké olè, èrò sì ya bò ó.

Kí n tó sáré débẹ̀ láti ibi tí mo kó aṣọ eré sí, wọ́n ti fi irin gbá a lẹ́nu, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Wọ́n ń fi pákó tó ní ìṣó lù ú lẹ́yìn. Wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí mo fi gbọ́ ìró egungun tó kán. Wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n da bẹntiróò lé e lórí. Mo ní òṣèré ni, àbúrò mi ni. Ìgbátí ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀gá tó ń darí eré ti kó kámẹ́rà sínú mọ́tò, ó ti sá lọ. Ọlọ́run ń wò ó.

Àjàmú, ọ̀rẹ́ dẹ́rẹ́bà tí wọ́n pa, ló di ìṣáná mú. "Òṣèré? Fíìmù wo lo ti ṣe?"

Láwàlì dárúkọ fíìmù kan tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ wò, ó ní òun ni ìyá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kú níbẹ̀.

"Irọ́ lò ń pa. Obìnrin nìyẹn. Ìyàwó mi sunkún nítorí ẹ̀."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Ó kúnlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti epo, ó hun èjìká jọ. Ohùn ìyá arúgbó jáde lẹ́nu tó fọ́ yẹn, ó ń pe ọmọ rẹ̀ kó dìde wá jẹun, ọbẹ̀ ti ń tutù. Ariwo rọlẹ̀. Àjàmú bú sẹ́kún, ìṣáná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi o, ọwọ́ tó ká a léyín náà ló ń pàtẹ́wọ́. Mo kórìíra wọn dé egungun. Mo fẹ́ yọ táyà náà kí n gbé e lọ ọsibítù, wọ́n tì mí sẹ́yìn. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní òun ò rí i dáadáa, kó tún un ṣe. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, kó tún un ṣe.

Táyà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Láwàlì wò mí, ó sì tún un ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ṣeré mọ́.