Bàbá Mi, Àbúrò Wọn, àti Ogun Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, mo sì ti pinnu pé màá rò ó fún yín lónìí. Ẹ fara balẹ̀ o. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀rín, àmọ́ kò parí sí ẹ̀rín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé aṣọ ni mò ń rán ní Ore. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ibi tí àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Benin ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Mo ní tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, mo ní sóláà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì mọ̀ pé tí síríìsì tí mo fẹ́ràn bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tẹ maṣíìnì mọ́. Síríìsì wo? Ti àwọn ará ojú ọ̀run ni o! Ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀, ìbọn tó ń yọ iná búlúù, gbogbo ẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ń wo bọ́ọ̀lù, èmi ń wo ìyẹn.

Nígbà tí òjò èṣí fẹ́ dáwọ́ dúró, ọ̀kadà gbé bàbá mi ṣubú lójú ọ̀nà oko wa ní Ajue. Ẹsẹ̀ wọn kán. Wọ́n fi pí-ó-pí dì í ní ọsibítù, wọ́n ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Màmá wa ti kú, ta ló máa tọ́jú wọn ní abúlé? Ni mo bá gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á gbé wọn jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó di ìrọ̀lẹ́.

Alàgbà ilé àdúrà ni bàbá mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àwọn ènìyàn aláwọ̀ ewé inú tẹlifíṣọ̀n mi, wọ́n pariwo Jésù.

“Mojí! Pa nǹkan yìí! Irú ẹ̀mí wo lò ń pè wọlé yìí?”

Mo ṣàlàyé títí, pé ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, pé rọ́bà ni wọ́n fi ṣe etí wọn. Wọn ò gbà. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa wo ògiri pẹ́ tó? Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mò ń gbé oúnjẹ fún wọn lọ́wọ́ ni wọ́n bi mí, bí ẹni tí kò fẹ́ béèrè: “Ọ̀gágun arúgbó yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tú u sílẹ̀?”

Ha! Mo mọ̀ pé wọ́n ti kó sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí síríìsì náà ṣe lọ. Ayé méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ kìkì iyanrìn pupa, èkejì jẹ́ kìkì omi. Wọ́n ti ń bá ara wọn jagun láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Àwọn oníyanrìn ní àwọn olómi ló kọ́kọ́ ju bọ́ǹbù sí ìlú àwọn. Àwọn olómi ní rárá, àwọn oníyanrìn ló kọ́kọ́ da májèlé sínú òkun àwọn. Bí àwọn tọ̀hún bá lù lónìí, àwọn tibí á lù padà lọ́la, wọ́n á sì ní ìgbẹ̀san lásán ni.

Bàbá mi wá di alátìlẹyìn àwọn oníyanrìn pátápátá. “Ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n ti pọ̀ jù! Kí wọ́n gbẹ̀san!” Ìyá kan tó wá gba búláòsì ní àwọn olómi ló jàre. Ṣé ẹ máa gbà á gbọ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà? Lórí àwọn tí kò sí níbì kankan! Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé tiwa náà wà ńlẹ̀ o.

Bàbá mi ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá wọn, Bàbá Dáre. Nígbà tí bàbá wọn kú, wọ́n pín oko kòkó tó wà ní Ajue sí méjì, wọ́n gbin pèrègún sí ààlà. Ìtàn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Akin, gbọ́ dàgbà ni pé Bàbá Dáre ló jí hú pèrègún, tó tún un gbìn sínú ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan da omi sí kòkó tí a sá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan gé ọ̀pẹ Bàbá Dáre lulẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, títí Akin àti Dáre, ọmọ Bàbá Dáre, fi pàdé nínú oko tàwọn tàdá lọ́wọ́. Ìka méjì gé kúrò lọ́wọ́ òsì Akin. Dáre ní àpá láti etí dé àgbọ̀n títí dòní.

Ọba ti dá sí i. Ọlọ́pàá ti dá sí i. Wòlíì gbààwẹ̀ sí i. Sẹ́kọ́ńdìrì kan náà ni èmi àti Dáre lọ, kíláàsì kan náà, a kì í kí ara wa.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò dá àwọn oníbàárà dúró sílé, èmi àti Bàbá ń wo síríìsì wa. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tú àṣírí ogun náà. Tí ọmọ ogun kan bá ń kú lọ, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa gbé lé e lórí, á fa ìrora tó ń jẹ gbẹ̀yìn jáde, wọ́n á sì tú u sórí ọmọ tuntun jòjòló. Ìrora tí wọ́n fi jẹ ẹ́ nìkan o! Èyí tí òun náà fi jẹ ẹlòmíì, ẹ̀rọ ò mú ìyẹn. Ni ọmọdébìnrin kan bá ta jí, ó ń ké pé iná ń jó òun. Ọmọ tí kò rí iná rí! Ọ̀gágun arúgbó yẹn ni bàbá rẹ̀ àgbà. Ó gbé e mọ́ra, kò mọ ohun tó máa ṣe, torí òun gan-an ló fọwọ́ sí òfin ẹ̀rọ náà.

“Mojí, dá a dúró.”

Mo dá a dúró. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ta ló kọ ìtàn yìí? Mo ní bóyá òyìnbó kan ló jókòó rò ó.

“Kò rò ó. Ilé wa nìyẹn.” Ohùn wọn ti yí padà. “Àwa ò ní ẹ̀rọ ni. Ẹnu la fi ń ṣe é.”

Wọ́n wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí láyé mi. Wọ́n ní kí pèrègún tó kúrò nípò, àìsàn kan gbé Bàbá Dáre dè mọ́ ibùsùn. Bàbá mi wọ oko rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bá a ká kòkó. Wọ́n ká a, wọ́n sá a, wọ́n tà á, wọn ò fún un ní nǹkan kan. Ìgbà tó gbádùn tó wá gbọ́, ìyẹn ló fi lọ hú pèrègún.

“Ibi tó ti dùn mí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí mo sọ fún yín. Mo fo ti iwájú.”

Wọ́n ní tí wọ́n bá ti tú pí-ó-pí, kí n mú àwọn lọ bá àbúrò àwọn.

Ọjọ́ tí a lọ, Bàbá Dáre wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń la kòkó. Ó rí bàbá mi pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábíyá, ó dìde, ó sì dúró sójú kan. Àdá tó fi ń la kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbàgbé. Ó ju àdá náà sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

Bàbá mi ò dáhùn ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. “Mo jí kòkó ẹ ká nígbà tí o ń ṣàìsàn,” ni wọ́n sọ.

“Mo mọ̀,” Bàbá Dáre fèsì. “Ohun tí mo ń retí ni kí ẹ sọ ọ́.”

Àwọn àgbàlagbà méjèèjì bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré. Kí a tó kúrò, wọ́n ti lọ gbin pèrègún tuntun sí ibi tí bàbá wọn fi í sí, wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbàdúrà. Mo kọrin dé Ore lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ó ti tán!

Akin ń ra kòkó káàkiri Omifunfun, kò sí níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá dáadáa. Ó wá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

“Bàbá, ẹ ti dárí jì wọ́n. Ó dáa. Ìka mi ńkọ́? Ṣé ẹ gbin ìyẹn náà mọ́ pèrègún ni?”

Bàbá gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ kòkó tí wọ́n jí fún un. Akin ò jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi báyìí. Ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ ọ́ báyẹn. Èwo ni kí n gbà?”

Ẹ sọ fún mi, kí ni ìdáhùn ìyẹn? Akin jáde. Ó lọ sí Ajue, ó hú gbogbo pèrègún náà dànù.

Dáre rí i, ó ní òun ti mọ̀ pé ẹ̀tàn ni àlàáfíà yẹn. Òun náà wọ oko wa, ó gé àwọn kòkó kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́. Akin lọ ṣáná sí ẹ̀yìn ọ̀pẹ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́, ẹ mọ bí ewé ṣe máa ń gbẹ. Atẹ́gùn gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jó tiwọn, ó fo ààlà, ó jó tiwa. Kòkó tí bàbá bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ti ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò, ó di eérú. Ẹnikẹ́ni ò kú, mo dúpẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ló jóná yẹn! Kòkó kì í yára so. Àwọn bàbá yìí ti dàgbà jù láti tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá dá mi lẹ́kun.

“Má ṣẹ́ ẹ lépè, ọmọ mi. Kò tíì mọ ìwé kà nígbà tí mo ti ń mú un lọ sí ààlà yẹn. Mo máa ń ní kó fi ibi tí olè ti wọlé sí wa lára hàn mí. Bó bá fi hàn mí dáadáa, màá ra àkàrà fún un.”

Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Akin ti kọjá sí apá Benin báyìí, kì í gbé fóònù mi. Dáre ò jẹ́ kí bàbá mi wọ àgbàlá wọn. Nítorí náà, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ti parí ìjà ò lè kí ara wọn nílé ara wọn. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń pàdé. Bàbá Dáre á parọ́ pé òun ń lọ ra oògùn ní Ore, á wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó máa ń ṣe mí láàánú tí mo bá ń wò wọ́n. Ọdún mélòó ni wọn ì bá ti fi jókòó báyìí lábẹ́ kòkó wọn?

Èmi àtàwọn méjèèjì la jọ wo apá tó parí síríìsì náà lọ́dún yìí. Àwọn ọ̀gágun arúgbó fọwọ́ síwèé àlàáfíà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wọn gbé ìbọn, wọ́n padà sójú ogun. Bàbá Dáre ní, “Mojí, ṣé ó parí nìyẹn?” Mo ní wọ́n á tún ṣe òmíràn. Ó kàn ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ bàbá mi tó kán, bí ẹni tó fẹ́ kó móoru.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju báyìí lọ: tí ẹ bá máa sọ ìjà ilé yín fún ọmọ, ẹ sọ èyí tí ẹ̀yin náà fi ṣe ẹlòmíì kún un. Kí ẹ sì sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré, torí tó bá dàgbà, ó lè má gbà á gbọ́ mọ́.

Irú ìtàn wo ni wọ́n sọ fún yín nílé yín? Ṣé ẹ ti gbọ́ ìdajì tó kù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Pàápàá tí ẹ bá jẹ́ ilé tí irú ìjà báyìí ti tán, tó tán dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é. Màá kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn bàbá méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbọ́.