Fèrèsé Tí Rosanda Tì

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Leskovac, tí ẹ béèrè ẹni tó bẹ̀rù atẹ́gùn jù lọ, kò sẹ́ni tí yóò ronú rárá kó tó na ìka sí ilé Rosanda. Ká sọ òótọ́, gbogbo wa la bẹ̀rù rẹ̀. Atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé wọlé tó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde, promaja là ń pè é, kò sì sí ilé tí kò ní ìtàn bó ṣe wọ́ ẹnì kan lọ́rùn tàbí bó ṣe ba kíndìnrín ẹlòmíì jẹ́. Ṣùgbọ́n tiwa ṣeé fi ṣàwàdà. Ti Rosanda kò ṣeé fi ṣàwàdà, torí ó gbà pé promaja ló pa ọkọ òun.

Tihomir lorúkọ ọkọ náà. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé koríko lóko lọ́jọ́ ooru kan, òógùn bò ó, ó jókòó sínú ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú gíláàsì méjèèjì ní ṣíṣí, ó délé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi sin ín. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, pé eruku òwú ilé iṣẹ́ ahunṣọ tó ti ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́ láti inú. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ni Rosanda ti lo ìgbà èwe rẹ̀, kí wọ́n tó tì í pa, tí wọ́n sì tú ẹ̀rọ rẹ̀ tà fún àwọn onírin. Ó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó mi orí, ó délé, ó fi aṣọ dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Veljko ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́. Aṣọ fèrèsé tó ń rán fún àwọn ará àdúgbò ló fi tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ náà ga, kò lẹ́nu púpọ̀, kò sì sí ohun tó jẹ ẹ́ lógún ju géèmù ìbọn kan lọ, èyí tí ẹgbẹ́ kan ti ń dọdẹ ẹgbẹ́ kejì nínú kọ̀ǹpútà. "Ẹni tó ń yìnbọn láti àárọ̀ dalẹ́ tí kò sẹ́ni tó kú," Rosanda a máa wí, "irú ogun wo nìyẹn?" Àmọ́ Veljko mọ̀ ọ́n ta débi pé ẹgbẹ́ kan ní Belgrade, olú ìlú wa, tí wọ́n ń fi géèmù náà jẹun, ránṣẹ́ sí i. Àyè ẹnì kan ló ṣẹ́ kù. Inú yàrá rẹ̀ nílé ni yóò ti ṣe ìdánwò náà. Bó bá yege, yóò máa gbé nílé ẹgbẹ́, yóò sì máa gbowó oṣù. Bí kò bá yege, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún un ní Stuttgart, nílẹ̀ Jámánì, níbi tí àbúrò ìyá rẹ̀ wà, ìwé rẹ̀ sì ti jáde.

Orí ìdánwò yìí ni ọkàn Rosanda so rọ̀ sí. Belgrade kò jìnnà. Ọmọ tó bá wà ní Belgrade á wọ bọ́ọ̀sì wálé lọ́jọ́ ọdún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìdílé, á sì gbé àpò aṣọ ìdọ̀tí wá fún ìyá rẹ̀. Jámánì lẹni tó lọ kì í ti í bọ̀. Mọ́tò rẹ̀ ló máa ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ á kàn sùn nínú ilé títí ìsinmi á fi tán. Ìdajì ilé tó wà ní òpópónà wa, ọwọ́ Rosanda ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà, òun ló ń bá wọn bomi rin òdòdó.

Ohun tó dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé kọ̀ǹpútà Veljko ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Slađan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tihomir, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ọjà, ló tò ó fún un látinú oríṣiríṣi ẹ̀yà àlòkù, ó sì tò ó dáadáa. Bí géèmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwòrán á máa ṣàn bí omi. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á dúró, á fò, ọ̀tá tó wà lápá òsì á ṣàdédé yọ lápá ọ̀tún. Àwọn ọmọ méjèèjì dín òjìji kù nínú géèmù náà, wọ́n yọ koríko, wọ́n sọ omi odò di ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n pa gbogbo nǹkan tó ń fi agbára ẹ̀rọ ṣòfò lábẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ìsọ̀ Slađan, ó sáré bí ẹṣin. Wọ́n gbé e padà wálé, ó tún di ìgbín.

Nígbà tó sú Slađan, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá wò ó. Ó wọ yàrá Veljko, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Rosanda ti gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti tẹ́ aṣọ òwú funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun lé e lórí, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ́ ẹ lé tẹlifíṣọ̀n. Fèrèsé wà ní títì pa. Sítóòfù onígi ń jó wòwò.

"Ìyá wa, kí lẹ daṣọ bo eléyìí sí? Ṣé ó ń lọ sílé ọkọ ni?"

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀ fún eruku ni? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kì í gbálẹ̀, ẹ kì í nu nǹkan."

"Ó ń gbóná ni, ìyá wa. Bó bá ti gbóná jù, òun fúnra ẹ̀ ló máa dín eré kù kó má baà jóná. Tí wọ́n bá wọ̀ yín ní kóòtù onírun, tí wọ́n wá tì yín mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ṣé ẹ máa lè sáré?"

"Èmi? Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ yìí ni mo ti ń sáré."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ," Veljko wí, kò rẹ́rìn-ín.

Slađan gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó fi ọ̀dà tuntun pa ọpọlọ rẹ̀ kó lè máa tètè tutù, ó sì yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ó ṣí fèrèsé gbayawu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn géèmù sáré títí ó fi rẹ Veljko, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí kì í lẹ́nu ń kọrin.

"Lọ́jọ́ ìdánwò, báyìí gẹ́lẹ́ ni," Slađan wí. "Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní ṣíṣí, fèrèsé ní ṣíṣí. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá wa, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o."

"Mo ti gbọ́. Ṣé o rò pé mo ya dìndìnrìn ni?"

Kò ya dìndìnrìn. Ó mọ ohun tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà ju àwọn méjèèjì lọ. Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sínú oṣù kìíní ọdún, yìnyín ti bo òrùlé. Rosanda tan àbẹ́là síwájú àwòrán ẹni mímọ́, ó tẹ búrẹ́dì ẹlẹ́fọ̀ọ́ sínú páànù, ó sì jókòó sí kíṣìnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan kí wọ́n má baà ṣe ohunkóhun. Ó gbọ́ ohùn Veljko tó ń bá àwọn ará Belgrade sọ̀rọ̀, ohùn náà ya gaga. Ó ń borí. Ìyá kò mọ géèmù, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ọmọ rẹ̀.

Búrẹ́dì jinná, Veljko kò sì tíì jẹun láti àárọ̀. Rosanda bu díẹ̀ sáwo, ó rọra ṣílẹ̀kùn yàrá.

Atẹ́gùn yìnyín gbà á lójú, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sí kíṣìnì. Ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ńlá bo etí rẹ̀ méjèèjì, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Òógùn sì ń ṣàn lọ́rùn náà. Fáànù inú àpótí ń fẹ́ sí i ní ìbàdí, ní ọ̀gangan kíndìnrín. Rosanda yára ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀, ó dúró. Ọrùn Tihomir ló ń wò. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ẹrù, tó ní ara òun ti tutù báyìí.

Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni, ó wí fún ara rẹ̀. Ó fi ìka ti fèrèsé náà pa, kò dún. Ó ká kúbùsù onírun àgùntàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi bo ẹ̀gbẹ́ àpótí tó wà ní ṣíṣí, kí atẹ́gùn rẹ̀ má baà kan ọmọ. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó jáde.

Ó ti ń fọ páànù nígbà tí Veljko pariwo.

"Ó ń fà! Ó ti ń fà! Yéè, kí ló ń ṣe é?"

Rosanda mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó sáré wọlé, ó já kúbùsù náà, ó ṣí fèrèsé. Veljko kò wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti gbóná kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á nínú géèmù kó tó rí ẹni tó yìn ín, ó jí, wọ́n tún pa á. Lẹ́yìn náà ẹnì kan sọ nǹkan kúkurú sí i létí láti Belgrade, ó sì dáhùn pé ó dáa, ẹ ṣé. Nígbà tó yíjú padà, fèrèsé wà ní ṣíṣí, ẹ̀gbẹ́ àpótí wà ní ṣíṣí, gbogbo rẹ̀ wà bí Slađan ṣe pàṣẹ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró tòun ti kúbùsù lọ́wọ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe, Mọ́mì?"

"Òtútù ń mú mi," Rosanda wí.

Slađan ni gbogbo rẹ̀ dà lé lórí. Veljko pè é lórí fóònù, Rosanda sì ń gbọ́ láti kíṣìnì. "O ní kí n ṣí fèrèsé, mo ṣí i. O ní kí n ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo ṣí i. Pàǹtí lo tà fún mi! O bayé mi jẹ́, Slađan. Má kí mi mọ́." Lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Jámánì, Slađan wá sí ibùdókọ̀, ó na ọwọ́. Veljko gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àárín àwọn méjèèjì ni Rosanda dúró sí pẹ̀lú àpò oúnjẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá sọ láti fi parí ìjà wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí ọmọ náà má jókòó sétí fèrèsé bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Slađan wá sílé, ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó jókòó tì í títí tíì tí Rosanda gbé fún un fi tutù. Ó ti rù díẹ̀. Géèmù náà sáré, kò kọsẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ìyá wa. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tí kò dáa. Ṣé ó dá yín lójú pé fèrèsé yẹn wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ náà?"

"Ó wà ní ṣíṣí," Rosanda wí. "Bóyá àwọn ẹ̀yà àlòkù yẹn náà ni."

Slađan mi orí, ó dìde, ó lọ. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Rosanda tilẹ̀ rí tirẹ̀ ṣe ná, ọmọ ọlọ́mọ ló fi rú u.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Veljko pè láti ibi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ jìnnà, ó sì ń wúkọ́.

"Ikọ́ wo nìyẹn, ọkọ mi?"

"Ikọ́ lásán ni. Ilé ìkẹ́rùsí tá a wà tóbi, Mọ́mì. Ilẹ̀kùn ńlá kan wà níwájú, òmíì wà lẹ́yìn, ọkọ̀ ń gba ibí wọlé, ó ń gba ọ̀hún jáde."

"Ṣé kò sẹ́ni tó lè ti ọ̀kan ni?"

"Ta ló máa tì í? Báyìí ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Rosanda mọ ikọ́ yẹn. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ilé yìí.

"Veljko, gbọ́. Ọjọ́ ìdánwò yẹn. Fèrèsé yẹn, èmi ni mo..."

"Kí lẹ wí? Mọ́mì, mi ò gbọ́ yín. Atẹ́gùn ti pọ̀ jù níbí."

Rosanda gbé fóònù mọ́ ẹnu.

"Mo ní kí o máa wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì," ló wí.