Àwọn Páànù Bíà Tí Ìyá Mi Fi Ìró Bò

Òórùn káńfọ̀ ló gba gbogbo sálọ̀ tí mo ti ń gbàlejò ní Ifangni lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ti tú àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń fi àwọn ìró rẹ̀ tó dáa jù bo ògiri mi. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí, n kì í mu ọtí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn páànù bíà àtijọ́, àwọn tí wọ́n ya ìgò sí, tí wọ́n máa ń kàn sẹ́nu ọ̀nà búfẹ́ẹ̀tì nígbà tí àwọn òbí wa ṣì ń mu bíà níbẹ̀. Mo ń wá wọn kiri Daagbé, Banigbé àti Lagbé, mo ń fi páànù tuntun gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó fi wọ́n bo ilé adìẹ. Ògiri mi kún dẹ́nu.

Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ló ń bọ̀ wá wo ilé tí ọmọ òun fẹ́ wọ̀. Àlááji ni, ọ̀rọ̀ ọtí kì í wọlé rẹ̀. "Bó bá fi lè rí ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ìyàwó parí nìyẹn," ni ìyá mi wí. Mo bá a di etí ìró mú, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó kó ẹrù olè pamọ́.

Àlááji àti ìyàwó rẹ̀ wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Mo na ẹsẹ̀ dé ìdí ògiri, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi kọ́ etí ìró, bí mo ṣe ní kí n dìde báyìí, gbogbo rẹ̀ já lé mi lẹ́yìn. Páànù kan tẹ̀lé e, ó dún gbàǹgàn nílẹ̀. Yéè! Ìgò bíà tò sójú àna mi látòkè délẹ̀. Mo wà lábẹ́ aṣọ níbẹ̀, mò ń bẹ ilẹ̀ kó lanu kó gbé mi mì.

"Bọ́n, ó dáa, dìde," Àlááji ní. Ṣùgbọ́n kò wò mí. Ó ti gbé páànù tó já, ó ń fọwọ́ ra ibi tí etí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lagbé ni, bàbá. Lórí ilé adìẹ."

Ó jókòó. "Èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ kọ lù ú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹnu ọ̀nà ìyá mi ló wà."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Ìyá yín ta bíà? Ṣebí gààrí lẹ ní wọ́n ń tà?"

"Bíà ni. Òun ni wọ́n fi rán mi níléèwé. Látìgbà tí mo ti Mẹ́kà dé, n ò lẹ́nu láti sọ ọ́."

Àlááji wá kọjú sí mi. Ó ní òun fún mi lọ́mọ, ṣùgbọ́n kí n má ṣe fi aṣọ bo ohunkóhun mọ́ nínú ilé tí ọmọ òun máa gbé.

Mo ní kó máa mú páànù náà lọ. Ìyá mi sáré mú ìró wá kó fi wé e, ó kọ̀. Ó gbé e há abíyá, ìgò bíà kọjú síta gbangba, ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá lọ́sàn-án gangan.

Ọmọ rẹ̀ ti di ìyàwó mi. N ò fi páànù mìíràn dí àyè tó ṣófo lára ògiri. Àlejò ń bọ̀ nígbà mìíràn, ọwọ́ mi a fẹ́ máa wá aṣọ. Mo máa ń wo àyè náà, ojú a sì tún tì mí, pé ohun tí wọ́n fi tọ́ bàbá ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún un.