Omi Hàntú Lára Táyà Ọkọ̀ Òfúrufú

Bínú mi bá ru, n kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ẹ wá wo bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí mò ń bá kó ẹrù ní Kútọnu sọ fún ọlọ́pàá pé ó ṣeé ṣe kí n fẹ́ ṣe ọkọ̀ wọn ní jàǹbá.

Ìyá mi ló ń lọ Mẹ́kà. Iṣu tó ń tà lọ́jà Kika ló fi tọ́ wa dàgbà, kò sì wọ ọkọ̀ òfúrufú rí. Ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ ẹ̀rù tèmi ju tirẹ̀ lọ, torí èmi ni mò ń rí bí àwọn táyà yẹn ṣe máa ń rú èéfín bí ọkọ̀ bá balẹ̀. Mo lọ bá áfàá wa ní Alafiarou. Ó kọ Kùránì sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó rọ omi náà sínú ìgò fún mi. Hàntú là ń pè é. Nílé wa ní Tchaourou, bí ẹnì kan bá ra táàsì tuntun, ó di dandan kí wọ́n wọ́n ọn sí i ní táyà kó tó rin ọ̀nà Parakou. Ta ló wá ní kí n má wọ́n ọn sí ọkọ̀ tó ń gbé ìyá mi?

Bí mo ti kó ẹrù tán, mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo ń wọ́n omi dúdú yẹn, mo ń gbàdúrà. Ṣẹ́ẹ̀fù wa, ọ̀gá àwa tá à ń kó ẹrù, rí mi. Obìnrin onígbàgbọ́ ará Ṣábẹ̀ ni, Tata ni gbogbo wa ń pè é. Èdè kan náà la jọ ń sọ, a sì jọ máa ń jẹ gàrí. Kò bi mí pé kí ló wà nínú ìgò. Ọlọ́pàá ló lọ pè.

Ìgbà yẹn, wọ́n ti fi ọkọ̀ òfúrufú wó ilé ní Amẹ́ríkà, ara gbogbo ayé ò balẹ̀. Wọ́n sọ àwọn arìnrìn-àjò kalẹ̀, wọ́n yẹ táyà wò, wọ́n gba bájì iṣẹ́ mi. Mo ní àdúrà ni, mo sì gbé èyí tó kù mu lójú wọn. Ọkọ̀ gbéra, wọ́n fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé títí ìwádìí yóò fi parí. Mo padà sí Tchaourou lọ kọ ebè.

Ká ní ayé àwọn ológun ni, bóyá wọn ì bá gbé mi lọ pátápátá. Mo dúpẹ́ pé ayé tuntun la wà, táwọn èèyàn ti lè pe ẹjọ́. Èmi náà fẹ́ pè é. Agbẹjọ́rò kan ní Parakou gbọ́ tẹnu mi tán, ó mi orí. Ó ní òfin dáàbò bo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tó bá fi òótọ́ inú sọ pé òṣìṣẹ́ òun ń kọ òun lóminú, kódà bí ọ̀rọ̀ ò bá rí bẹ́ẹ̀. Àfi tó bá mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ó ní, "Ṣé obìnrin yẹn mọ̀ pé àdúrà ni?"

"Kò mọ̀."

"Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀ nìyẹn, àbúrò."

Mo bínú jáde, n ò tiẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí ìyá mi ti Mẹ́kà dé, mo rojọ́ fún un, mo ń retí kó bá mi ṣépè.

Ó ní, "Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ká ní ẹlòmíràn ló da nǹkan dúdú sí i ní táyà, tí obìnrin yẹn wá panu mọ́ torí wọ́n jọ ń jẹ gàrí ńkọ́?"

Ó ń tú ẹrù rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi nìwọ, o gbàdúrà fún mi. Òun ò mọ̀ mí rí, ó sì ṣọ́ mi."

Ó bu omi kànga Mẹ́kà tó gbé bọ̀ sínú ìgò, ó ní kí n gbé e fún Tata.

Ìwádìí parí, wọ́n pè mí padà, Tata fúnra rẹ̀ ló fa bájì lé mi lọ́wọ́. Mo yọ ìgò jáde níwájú obìnrin yẹn kan náà. Mo ní, "Tata, ìyá mi ní ẹ ṣeun." Mo fẹ́ kọ́kọ́ mu díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, kò bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, ó sì mu ún.