Ojú-Tó-Téèpù àti Aṣọ Tí Kò Gba Èjìká

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í wọn ẹni tó bá ti mọ̀. Aránṣọ ni, ó sì lókìkí. Bí o bá jẹ́ àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò na ọwọ́ sí téèpù tó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, yóò wọn èjìká rẹ, yóò wọn ìbàdí rẹ, yóò sì dá téèpù padà sórí ìṣó. O ti wọ inú orí rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí o bá tún mú aṣọ wá, yóò kàn wò ọ́ fìrí, yóò gbé àlùmọ́gàjí, yóò gé e. "Téèpù wà fún ẹni tí ojú ń dùn," ló máa ń wí. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Ojú-Tó-Téèpù, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Àǹtí Àgbà lèmi ń pè é. Èmi náà, Adákẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé, nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí di ìránṣẹ́ láàárín òun àti ìyá mi. Ilé kan náà là ń gbé, ilé tí Màmá Ńlá, ìyá tó bí àwọn méjèèjì, kú fi sílẹ̀. Àǹtí Àgbà wà ní yàrá iwájú pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èmi àti ìyá mi àti bàbá mi wà lẹ́yìn. Ilé ìdáná kan ṣoṣo la ní, ṣùgbọ́n ìkòkò wọn kì í fara kan ara wọn.

"Adákẹ́, bá mi bi ìyá ẹ, ta ló gbé omi mi kúrò lórí iná?"

Ìyá mi wà níbẹ̀ tó ń fọ abọ́, ó kẹ̀yìn sí wa.

"Adákẹ́, sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé omi wọn ti hó tán látàárọ̀. Ṣé kí ìkòkò jó kí wọ́n tó mọ̀ ni?"

"Sọ fún un pé kó jó! Ṣé ìkòkò ìyá ẹ̀ ni?"

"Sọ fún wọn pé ìkòkò ìyá mi ni. Ìyá àwọn náà sì ni."

Èmi á kàn dúró sáàárín wọn. Kò sí ẹni tó retí kí n la ẹnu.

Ohun tó fa ìjà náà kò fara sin. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Màmá Ńlá dùbúlẹ̀ àìsàn, ìlú mìíràn ni Àǹtí Àgbà ń gbé. Aṣọ Kérésìmesì àwọn èèyàn kún yàrá rẹ̀ dé àjà. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá ránṣẹ́ sí i, èsì kan náà ló ń bọ̀: "Ẹ jẹ́ kí n parí aṣọ ọdún, mò ń bọ̀." Kò tíì parí rẹ̀ tí Màmá Ńlá fi jáde láyé. Nígbà tó dé, ó gbé aṣọ funfun kan lọ́wọ́, èyí tó fi omijé rán, tó fi léèsì sí ní ọrùn, tó sì kan bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ sí láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé e fún ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé ìyá mi àti àwọn obìnrin ìjọ ló ń múra fún òkú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé pósí jáde, aṣọ búlúù àtijọ́ ni Màmá Ńlá wọ̀, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì.

"Aṣọ mi dà?" Àǹtí Àgbà ló kígbe bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ọlọ́fọ̀.

Ìyá mi dáhùn pé, "Èyí ló wù mí kí wọ́n wọ̀."

Kò fi ohunkóhun kún un. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Àgbà ti ń sọ pé àbúrò òun bọ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun kúrò lára ìyá òun lójú ayé. Ó kó wá sí yàrá iwájú, ó ní ẹnì kan ò ní dá ilé ìyá àwọn jẹ. Láti ìgbà náà kò wo ojú ìyá mi mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà yàrá, ògiri ló máa ń wò kọjá.

Kérésìmesì tún ń bọ̀. Alùfáà wa wàásù lórí onílé èrò tó sọ fún aboyún pé kò sí àyè. Ó ní, "Gbogbo wa là ń bínú sí ọkùnrin yẹn. Kí ọjọ́ náà tó dé, kí kálukú wo inú ara rẹ̀. Ta ni ìwọ fúnra rẹ ti ilẹ̀kùn mọ́?" Ìyá mi jókòó lápá ọ̀tún, Àǹtí Àgbà jókòó lápá òsì. Lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì yíjú wo ọ̀nà ara wọn, bíi pé kí wọ́n sọ pé: ìwọ ni wọ́n ń bá wí.

Alùfáà rí wọn. Lẹ́yìn ìsìn ó pè wọ́n. Ó ní ìjà wọn ti di ìtàn nínú ìjọ, bí wọn kò bá sì jọ yanjú rẹ̀, kí ẹnì kankan nínú wọn má ṣe wá síbi Oúnjẹ Olúwa lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Ọ̀rọ̀ yìí ká Àǹtí Àgbà lára. Ó máa ń sọ pé láti ìgbà tí Màmá Ńlá ti fà á lọ́wọ́ lọ síwájú pẹpẹ ní ọmọdébìnrin, òun ò tíì pa Oúnjẹ Olúwa ọjọ́ Kérésìmesì jẹ rí, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ibà. Kí gbogbo ìjọ dìde kí òun nìkan jókòó bí olè? Síbẹ̀ kò rọ̀.

"Kó wá bẹ̀ mí," ló wí bó ti ń bọ́ bàtà. "Adákẹ́, sọ fún un. Kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀ mí, mo ti dárí jì í tán."

"Sọ fún wọn pé orúnkún ń dùn mí."

Ìjà tó burú jù ni ti àdúrà. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, bàbá mi máa ń kó gbogbo wa jọ láti yẹ ọkàn wa wò ní ìmúrasílẹ̀ fún ọdún, kálukú á sì gbàdúrà sókè. Èèyàn jẹ́ẹ́ ni bàbá mi, ó sì rò pé àdúrà á pẹ̀tù sí i. Kò mọ̀ pé ó ń fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́ ni.

"Olúwa," Àǹtí Àgbà á bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á pa dé jẹ́jẹ́, "dárí ji ẹni tí kò mọ iyì àgbà nínú ilé yìí. Ìwọ mọ orúkọ rẹ̀, Bàbá. Má jẹ́ kó jẹ ìyà tó tọ́ sí i. Dín in kù díẹ̀."

"Àmín," ni bàbá mi máa ń yára sọ, kó tó dé ibi tó le.

Ìyá mi á gbà á: "Olúwa, mo dúpẹ́ tí o kò dá mi ní ẹni tí ń sunkún òkú tí kò wá wò nígbà tó wà láàyè."

"Ta ló ń bá wí?"

"Ọlọ́run ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

"Ọlọ́run ò dití! Dín ohùn ẹ kù!"

"Àmín! Àmín!" ni bàbá mi á wí, á sì ti máa ká ìwé orin.

Mo kíyè sí i pé àwọn méjèèjì mọ ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn lórí bí ẹní mọ orin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ tirẹ̀.

Àǹtí Àgbà náà ni ìjọ gbé aṣọ akọrin fún láti rán, aṣọ funfun tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ìyá mi wà lára àwọn akọrin. Gbogbo wọn wá, ó sì wọn àwọn tí kò tíì ránṣọ fún rí. Ìyá mi nìkan ni kò jẹ́ kó wọlé.

"Sọ fún un pé kó jókòó síbẹ̀. Mo ti ń rán aṣọ fún un kó tó mọ̀ pé ihò abẹ́rẹ́ wà. Mo mọ̀ ọ́n bí ọwọ́ mi."

Nígbà tí aṣọ parí, èmi ni mo gbé ti ìyá mi lọ fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Ó wọ̀ ọ́, ó dúró níwájú dígí. Ọrùn aṣọ náà yọ̀ bọ́ sí apá rẹ̀, ìyókù sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gba ọ̀nà yàrá kọjá, ó wọ yàrá iwájú láìkan ilẹ̀kùn. Mo sá tẹ̀ lé e.

Àǹtí Àgbà ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù. Ó wo aṣọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín burúkú.

"O ti tú u! O tú ojú rírán mi kí wọ́n lè máa fi mí ṣẹ̀sín nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Èyí tó o ṣe lójú pósí ò tó ẹ?"

"Ẹ wá ibi tí mo ti tú u."

Àǹtí Àgbà fa aṣọ náà mọ́ra, ó yẹ abẹ́ apá rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Ojú rírán dúró digbí.

"Ẹ wò mí," ni ìyá mi wí. "Kì í ṣe aṣọ. Èmi."

Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àǹtí Àgbà wò ó dáadáa láti ọdún tó kọjá. Ó wo egungun ọrùn ìyá mi tó yọ síta. Ìyá mi ti rù. Àwa tí à ń wò ó lójoojúmọ́ ti mọ̀ tipẹ́, oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́ láti ìgbà tí Màmá Ńlá ti kú.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fún Màmá," ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ẹ gé aṣọ fún Màmá tó wà nínú orí yín. Màmá tó wà lórí ibùsùn ti wú. Ẹsẹ̀ wú, apá wú, ojú pàápàá wú. Aṣọ yín ò kọjá èjìká."

"Irọ́ lò ń pa."

"Adákẹ́, lọ gbé àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi wá."

Mo gbé e wá. Aṣọ funfun náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, léèsì rẹ̀ mọ́ bó ti mọ́. Ní èjìká, ìlà gígùn kan ti ya, níbi tí ọwọ́ àwọn obìnrin ti fà á títí. Àǹtí Àgbà ti ìka bọ ibẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ lójú àwọn ọlọ́fọ̀ pé ẹ ò mọ bí ìyá yín ṣe rí mọ́?"

"Lẹ́yìn ìgbà náà ńkọ́? Odidi ọdún kan!"

Ìyá mi wo ibi tó ya náà. "Lẹ́yìn ìgbà náà, mo fẹ́ kó máa dùn yín ni. Mo dá nìkan tọ́jú Màmá, ẹ wá gbé léèsì wá. Aṣọ lẹ wò nínú pósí, ẹ ò wo ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó wù mí kó máa dùn yín."

"Jáde," ni Àǹtí Àgbà wí. "Jáde nínú yàrá mi!"

Lọ́jọ́ náà a kò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi pè wá sí àdúrà, mo rò pé kò ní wá, ṣùgbọ́n ó wá. Ó kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí. Nígbà tó kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀:

"Olúwa, dárí ji ẹni tó..."

Ó dúró. Bàbá mi ti la ẹnu láti ṣe àmín, ó tún pa á dé.

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí," ni Àǹtí Àgbà wí. "Èmi ni. Èmi ni mò ń wí, Olúwa. Ọwọ́ mi dí."

Nígbà tó kan ìyá mi, ó kàn ń fa imú. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe parí àdúrà láìsí ìjà fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì mọ ohun tí yóò fi ìwé orin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe.

Bí a ṣe ń dìde, Àǹtí Àgbà kọjú sí mi. "Sọ fún ìyá ẹ pé kó wá sí yàrá mi láàárọ̀."

Ìyá mi dúró tì mí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. "Sọ fún wọn pé mo gbọ́."

Láàárọ̀, Àǹtí Àgbà yọ téèpù kúrò lórí ìṣó, ó gbọn eruku rẹ̀ nù.

"Gbé apá sókè."

"Ẹ rọra, ọwọ́ yín tutù."

"Kí n lọ yá a níná kí n tó wọ̀n ọ́, ìyàwó ọba? Dúró ṣánṣán." Ó fi téèpù yí àyà ìyá mi ká. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó tún un yí ká. "Ta ló ń jẹ oúnjẹ ẹ nínú ilé yìí? Ọkọ ẹ ni?"

"Ẹ ti wọn ibẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Mo fẹ́ tún un wọ̀n. Màmá ńkọ́..." Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé wọ́n béèrè mi?"

"Wọ́n béèrè yín. Mo ní aṣọ ọdún lẹ̀ ń rán. Wọ́n ní ẹ máa ń ṣiṣẹ́ jù."

Àǹtí Àgbà tẹjú mọ́ téèpù náà bíi pé nọ́ńbà rẹ̀ ti parẹ́. Lẹ́yìn èyí ló mú aṣọ funfun tó ya léjìká, ó fi kọ́ orí ìṣó tí téèpù wà tẹ́lẹ̀, ní ọ̀kánkán ibi tó máa ń jókòó sí, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ níbẹ̀.

Láàárọ̀ Kérésìmesì, Alùfáà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣé ìjà ti parí?"

"Rárá, Alùfáà," ni Àǹtí Àgbà wí. "Inú ṣì ń bí mi sí i. Inú ń bí òun náà. Ṣùgbọ́n mo ti wò ó."

Alùfáà yíjú sí ìyá mi.

"Mo ti sọ ohun tí mo fi pamọ́," ni ìyá mi wí. "Wọn ò tíì bẹ̀ mí, èmi náà ò tíì bẹ̀ wọ́n."

Alùfáà wò wọ́n títí, ó wá yẹ̀ fún wọn lọ́nà.

Mo rí wọn láti ibi tí mo jókòó sí ní ìlà iwájú. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú pẹpẹ, aṣọ akọrin náà sì bá èjìká ìyá mi mu rẹ́gí. Òwú kan ló ṣẹ́ kù tó ń jù létí apá rẹ̀. Àǹtí Àgbà rí i. Ó tẹ orí wá, ó fi eyín gé e. Ìyá mi fa apá.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni mo gbọ́ tí Àǹtí Àgbà ń wí láàárín eyín. "Ìwọ yìí ò gbọ́ràn rí."